Ilé Dúdú Tí Ẹrù Rẹ̀ Kò Ju Ọkọ̀ Kan Lọ

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹjọ

Òjò láti àárọ̀. Màámi ní kí n yé jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n jí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé. Láti ọjọ́ Ẹtì tí mo ti dé láti yunifásítì, mi ò tíì lè sọ fún wọn pé èsì ọdún àkọ́kọ́ wa ti jáde. Mo yege o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyàwòrán ilé, tó jẹ́ pé òun gan-an ni mo torí ẹ̀ wọ yunifásítì, díẹ̀ báyìí ló kù kí n fìdí rẹmi níbẹ̀. Olùkọ́ wa gbé àwòrán mi sókè lójú gbogbo kíláàsì, wọ́n ní, "Àwòrán yìí mọ́ tónítóní. Kò kàn mọ ẹni tó máa gbé inú ẹ̀ ni." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí ojú mi lè ṣe.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yí ẹ̀kọ́ padà wà nínú báàgì mi. Tí mo bá buwọ́ lù ú, mo di akẹ́kọ̀ọ́ Jọ́gíráfì nìyẹn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa dẹ́kun gbígbà á. Jọọlá tí a jọ ń gbé yàrá kò lọ sílé. Ó ní kí n ṣáà fi rán dírẹ́bà, òun á bá mi fi lé wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹjọ

Àǹtí Dèbórà wá sílé wa. Àwọn ló kọ́ mi ní ìṣirò ní girama. Títí dòní, tí mo bá rí wọn, ọwọ́ mi á fẹ́ nà sókè.

"Ayàwòrán-ilé wa dà?"

"Àǹtí, mi ò tíì dà bẹ́ẹ̀ o. Ọdún kan péré ni mo ṣì lò."

"Ta ló bi ọ́ ní ọdún? Ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá."

Àwọn àti ọkọ wọn, Bọ̀dá Kingsley, ti rí àyè kan lórí omi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbí ní Mahintedo. Yàrá méjì péré. Bàbá Ògúnlànà tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ igi rẹ̀. Òpó ti wà nínú omi, páànù ti wà lórí. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò ya inú rẹ̀ fún wọn kí omi ńlá oṣù Kẹsàn-án tó dé. Mo ti la ẹnu láti sọ pé mi ò lè ṣe é. Ìdí ààrò ni Màámi ti dáhùn: "Ìtẹ́ máa yà á."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹjọ

Mo lọ bá tọkọtaya náà ní yàrá tí wọ́n háyà. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́tàdínlógún sílẹ̀. Ẹyọ kan ni mo rí bi.

"Irú àwọ̀ wo lẹ fẹ́?"

Bọ̀dá Kingsley ní, "Dúdú."

Mo rò pé àwàdà ni. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, láti abúlé dé abúlé, títí dé Molutehin. "Ìtẹ́, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni omi ń da oòrùn sí mi lójú, bí ẹni ń fi dígí ṣe mí lọ́ṣẹ́. Tí mo bá tún délé, ògiri á tún tàn yòò. Mo fẹ́ ilé tí ojú mi á lè jókòó sí."

Àǹtí Dèbórà gbé tiwọn kalẹ̀. Etí òkun ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, ní ìlú kan tí ọmọ ìjọ kan náà tẹ̀ dó, níbi tí wọ́n bí Àǹtí sí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn òkun wọlé tọ̀ wọ́n wá, ó sì mú ilé náà lọ. Àga onítìmùtìmù, tẹlifísọ̀n, àwo ìgbéyàwó. Wọ́n dúró lórí afárá pákó, wọ́n ń wo kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọn bó ṣe ń lefòó lọ. Ológbò méjì ni wọ́n rí gbé sínú ọkọ̀. Ìkẹta, inú ọ̀kan nínú wọn ló ti jáde lẹ́yìn náà.

"Láti ọjọ́ yẹn," ni Àǹtí wí, "ẹrù wa kò gbọdọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwa méjì, ológbò mẹ́ta, àti ẹrù. Tí nǹkan titun bá wọlé, nǹkan kan gbọ́dọ̀ jáde."

Mo wò yíká. Bẹ́ẹ̀dì kan, ìkòkò méjì, àwo mẹ́rin, àpótí ìwé kan. Mo máa ń rí irú ilé báyìí lórí fóònù, ilé àwọn tó fẹ́ kí ilé wọn rí rẹwà. Mi ò tíì rí ẹni tó jẹ́ pé ìgboyà ló fi sọ ilé rẹ̀ di òfìfo rí. Mi ò lè sọ ọ́ jáde níwájú wọn, ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Àwọn ológbò: Màdáámù funfun bí òwú, ó ń wo èèyàn bí ìyàwó pásítọ̀ tí ń wo ẹni tó pẹ́ dé ìsìn. Ọ̀gá ni akọ, etí rẹ̀ kan ti ya. Kíún, ọmọ wọn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìwọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín pákó ilẹ̀ yàrá yìí lóṣù tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi tiro. Bọ̀dá Kingsley ní, "Ní ilé titun, mi ò fẹ́ àlàfo kankan nílẹ̀." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹjọ

Mo ya àwòrán mẹ́rin. Mo fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹjọ

Mo gbé àwòrán karùn-ún lọ fún Bàbá Ògúnlànà ní ibi iṣẹ́ wọn. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa pákó. Wọ́n á fi èékánná kan án, wọ́n á dẹtí sí i, wọ́n á gbé e sápá ọ̀tún. Wọ́n kan ọ̀kan, wọ́n jù ú sápá òsì.

"Kí ni ìyẹn ṣe, Bàbá?"

"Ó ń purọ́."

Wọ́n fi àáké là á kí n lè rí i. Ìta rẹ̀ le koko. Inú rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú. Ọdún kan ni mo fi jókòó ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé igi máa ń purọ́, tàbí pé etí lèèyàn fi ń mú un.

Wọ́n gba àwòrán náà, wọ́n nà án jìnnà sójú. Ògiri dúdú, ilẹ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ àpótí lábẹ́, tábìlì kúkúrú kan, fèrèsé méjì tó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Àti pẹpẹ tóóró kan tó yí yàrá méjèèjì ká ní gíga orí èèyàn.

"Ta ló fẹ́ gba ara ògiri kọjá níbí?"

"Ológbò ni, Bàbá."

Wọ́n wo ìwé, wọ́n wò mí. "Ológbò ní títì." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dáa, ọma mi. Tí omi bá wọlé, òkè ni wọ́n máa sá lọ."

Mi ò ro ti omi rárá. Mo kàn rò pé ológbò fẹ́ràn ibi gíga ni. Ohun tí mi ò mọ̀ ni wọ́n yìn mí fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Kẹjọ

Ọ̀dà dúdú tí a fi kun pákó mẹ́ta wò láti ọjọ́ Àbámẹ́ta kò tíì gbẹ. Ọ̀rinrin ti pọ̀ jù, iyọ̀ sì wà nínú afẹ́fẹ́. Àǹtí Dèbórà gbé àwọn ológbò wá wo ilé lónìí, Ọ̀gá sì lọ nà gbalaja sórí ọ̀kan. Nígbà tí a fà á kúrò, irun rẹ̀ wà lára pákó, ọ̀dà wà lára rẹ̀.

Bàbá Ògúnlànà wo pákó náà. "Yunifásítì, ọ̀dà yín yìí ti ń hu irùngbọ̀n."

Mo fẹ́ kí omi gbé mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Kẹjọ

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo lọ bẹ Bàbá lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dà, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti dojú ọkọ̀ titun kan bolẹ̀ lórí igi méjì, tí wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ jó ìdí rẹ̀, kí kòkòrò omi má bàa jẹ ẹ́. Iná náà ń sáré lábẹ́ igi bí ẹni ń wá nǹkan. Ọwọ́ Bàbá ń tẹ̀lé e, wọ́n á sún un, wọ́n á fà á sẹ́yìn. Ibi tó bá ti dúró tó, wọ́n á fi imọ̀ tútù pa á. Ohun tó ṣẹ́kù lára igi kì í ṣe dúdú ọ̀dà. Dúdú tó jinlẹ̀ ni, tí èèyàn ṣì ń rí ojú igi nínú rẹ̀, bí iṣan lára ọwọ́.

Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Ọkọ̀ tó gbé mi lọ sílé ìwé, bí ìdí rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ilé tí Màámi ti ń yan ẹja ṣawá, bí ògiri rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Mi ò fojú àwọ̀ wò ó rí. Mo kàn mọ̀ pé ó jóná.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ lè jó pákó ògiri báyìí?"

"Ẹnì kan kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí." Wọ́n gbé pákó onírùngbọ̀n yẹn, wọ́n dojú ẹ̀yìn rẹ̀ kọ iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù Kẹjọ

Màdáámù fi ara nu ògiri àkọ́kọ́ tí a kàn, ó wọlé ní funfun, ó jáde ní dúdú. Ọ̀gá kò dá a mọ̀, ó ń fín mọ́ ọn. Bọ̀dá Kingsley rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí òòlù. Èmi ni mi ò lè rẹ́rìn-ín; mo ti rí aṣọ nọ́ọ̀sì wọn tó máa dúdú, àti ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé Àǹtí.

Àǹtí Dèbórà ní, "Kí lẹ fi ń pa ọkọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jó o, Bàbá?"

"A kì í pa ọkọ̀ ní nǹkan. Omi á fọ̀ ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká fọ ògiri náà, nígbà náà."

A fi kànrìnkàn àti omi fọ̀ ọ́ títí ẹ̀dú fi tán lójú rẹ̀, a jẹ́ kó gbẹ, Àǹtí sì fi àkísà pa àdín sí i lára. Mo fi ìrépé aṣọ ìbora funfun tí Màámi fún mi nù ún wò. Aṣọ náà kò yí padà. Ògiri náà ń dán díẹ̀díẹ̀, bí awọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán.

Ọjọ́rú, 27 oṣù Kẹjọ

Òjò. Òjò. Kò sí igi tó gbẹ. Ìṣó ti tún gbówó lórí ní Igbókòdá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kẹjọ

A jà lónìí, bí a bá lè pe ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní ìjà. Ó kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé.

Bàbá Ògúnlànà ní, "Ilẹ̀ ulé orí omi, ìka kan ni à ń fi sílẹ̀ láàárín pákó àti pákó. Ibẹ̀ ni omi ń gbà."

Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ Kíún ńkọ́?" Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ náà jẹ́ dúdú kan ṣoṣo, láìní ìlà, bíi ti orí fóònù. Mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ fún olùkọ́ wa.

"Omi tí kò bá rí ọ̀nà, èjìká ló fi ń wá a, ọma mi."

Bọ̀dá Kingsley ló gbè mí: "Bàbá, òpó yìí ga. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí Ìtẹ́ ṣe yà á."

Bàbá wo omi lábẹ́ ilé, wọ́n wò mí bóyá mo máa sọ nǹkan. Mo gbójú sórí fóònù mi. "Ó dáa. Ẹni tó nilé ló ni ọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Kẹsàn-án

Ilẹ̀ ti parí. Pákó fi èjìká kan èjìká, a po gọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun igi, a fi dí ojú oríkèé wọn. Mo bọ́ bàtà kí n tó wọlé. Ilẹ̀ dúdú, ògiri dúdú, omi aláwọ̀ ewé láti ojú fèrèsé. Ó rí bí inú ìkòkò tí wọ́n fọ̀ mọ́. Mo ya fọ́tò mọ́kànlá. Mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n kó wọlé. Ọkọ̀ kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo fojú ara mi rí i. Màdáámù jókòó lórí àpótí ìwé níwájú bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ jọba. Kíún sáré láti ògiri dé ògiri, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sí. Bọ̀dá Kingsley fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ìtẹ́," ni wọ́n wí, "ojú mi ti jókòó."

Mo wa ọkọ̀ lọ sílé, mo ń kọrin. Bóyá mi ò ní í lo fọ́ọ̀mù yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹsàn-án

Òṣùpá kún, òkun sì ru. Ní àárọ̀ yìí Àǹtí Dèbórà pè mí lórí fóònù, ohùn wọn rọlẹ̀: "Ìtẹ́, tí àyè bá yọ, wá wo nǹkan."

Pákó méje ti tú nílẹ̀. Omi kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìsàlẹ̀ ló ti wá, kò rí ọ̀nà, ó sì fi èjìká gbé ilẹ̀ náà sókè pẹ̀lú ìṣó rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn pákó náà dìde dúró bí òrùlé. Òmíràn ti gbá ìdí bẹ́ẹ̀dì. Òpó kan ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ológbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí pẹpẹ, wọ́n ń wò mí láti òkè.

Mo ní, "Ẹ má bínú." Mo wí i bíi ìgbà mẹ́wàá.

Bọ̀dá Kingsley ní, "Ẹnì kankan kò fara pa." Ká ní wọ́n bú mi, ì bá sàn.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Kẹsàn-án

Mo kọ gbogbo fọ́ọ̀mù náà tán. Ó ku ìbuwọ́lù. Mo sọ fún Màámi nípa èsì mi àti Jọ́gíráfì. Wọ́n yí ẹja tó wà lórí iná padà kí wọ́n tó fèsì. "Jọ́gíráfì náà dáa. Ṣé òun lo fẹ́, àbí ibi tí o fẹ́ sá sí ni?"

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Kẹsàn-án

Ilé wa ni Bàbá Ògúnlànà wá. Mo sá sínú yàrá. Wọ́n bá Màámi jẹ púpurú, wọ́n ní ata ọbẹ̀ náà ta, wọ́n tún bu sí i. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, wọ́n gbóhùn sókè.

"Yunifásítì! Kí ló dé tí o ò wá bá mi fa ìṣó?"

Mo jáde. "Bàbá, mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́."

"Ọwọ́ ta ló kan ìṣó yẹn? Mo mọ̀, mo sì kàn án. Ká pín in sí méjì." Wọ́n ní kí n jókòó. "Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dá gbẹ́, mo fẹ́ kó fúyẹ́. Mo ha inú rẹ̀ títí, ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Lójú àna mi ni mo tì í sómi. Ó là sí méjì. Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó ní kí n fi pákó rẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ yàrá òun. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gba orí àṣìṣe mi kọjá láti lọ kí i láàárọ̀. Nígbà tó yá, kì í ṣe àṣìṣe mọ́, ilẹ̀ ilé ni."

Mo wo ilẹ̀ pákó ilé wa.

"Ọ̀rọ̀ tèmi náà kò pé," ni wọ́n tún wí. "Mo ní ìka kan. Ìka ta ni? Ìka tèmi ni. Mi ò ro ti ológbò. Ìwọ lo rò ó. Ẹsẹ̀ ọmọ ológbò yẹn, báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"O ya ilé fún un, o ò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀?"

Kò dùn ún gbọ́. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa náà ni, ṣùgbọ́n báyìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Kẹsàn-án

Mo wọn ẹsẹ̀ Kíún. Bọ̀dá Kingsley, tó ń gún ọgọ́rùn-ún ọmọ lábẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀, kò lè mú ológbò kan dúró. "Jẹ́jẹ́, Kíún, jẹ́jẹ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́!" Ó ha wọ́n lọ́wọ́ níbi mẹ́ta. Àǹtí Dèbórà ní kí wọ́n lọ gba àjẹsára.

Rúlà kò ṣiṣẹ́. Mo gbé pákó méjì sílẹ̀, mo ń fi oríṣiríṣi nǹkan sáàárín wọn, Àǹtí sì ń fi ẹja gbígbẹ tan Kíún kó gba orí rẹ̀. Igi tó sanra bí ìka Bàbá: ẹsẹ̀ wọlé dé orúnkún. Ìka mi tó kéré jù: àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Pẹ́ńsù tó wà létí mi: èékánná nìkan ló kàn án, ó kọjá lọ bá ẹja rẹ̀.

Mo tún un ṣe nígbà mẹ́sàn-án. Pẹ́ńsù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Kẹsàn-án

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé omi á gba àlàfo tó kéré báyẹn? A kan pákó mẹ́rin pọ̀ pẹ̀lú àlàfo pẹ́ńsù, a gbé e lé ojú omi lẹ́bàá ibi iṣẹ́ Bàbá. Bàbá gun orí rẹ̀. Èmi náà gùn ún. Omi yọ láti ìsàlẹ̀ ní ìlà mẹ́ta tó gún gbọọrọ, ó bo ẹsẹ̀ wa. A sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba ibi tó gbà wá padà lọ.

Bàbá kò sọ pé mo ṣeun. "Pẹ́ńsù mélòó lo ní?"

"Mẹ́fà."

"Kó gbogbo wọn wá."

Ọjọ́rú, 17 oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ mẹ́rin lórí eékún. A na òpó tó fì, a fa gbogbo ìṣó ilẹ̀ tó kù, a dojú àwọn pákó tó tú délẹ̀, a tún ẹ̀yìn wọn jó. Pẹ́ńsù mẹ́fà láàárín pákó méjì, Bàbá á kan ìṣó, èmi á yọ pẹ́ńsù, ó di ìkejì. Ọwọ́ Bàbá kò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Mo ń wò wọ́n bí èèyàn ṣe ń wo ẹyẹ tí ń pẹja.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò yà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ta lu omi lábẹ́ ilé, ó gba àwọn àlàfo náà wọlé, ìlà tín-ínrín tín-ínrín sì ń gbọ̀n lára òrùlé. Ẹ̀rù bà mí nítorí ojú Bọ̀dá Kingsley. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Èyí kò dà á sí mi lójú," ni wọ́n wí. "Ó ń kí mi ni."

Kíún ti fò lọ sórí pẹpẹ láti mú ọ̀kan nínú àwọn ìlà náà. Títì rẹ̀ ti ṣí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kẹsàn-án

Òṣùpá titun. Láti ọ̀sán ni omi ti ń kún. Ní aago márùn-ún mi ò lè jókòó mọ́, mo wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Bọ̀dá Kingsley ti so ọkọ̀ tiwọn mọ́ ẹnu ọ̀nà, òfìfo. Àǹtí Dèbórà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń máàkì ìwé.

"Ṣé kí n bá yín kó ẹrù sínú ọkọ̀?"

"Jókòó," ni Àǹtí wí. "Bóyá omi kàn fẹ́ kí wa ni."

Ó kọ́kọ́ yọ bí òógùn, ní ìlà, ní ìlà, láti ògiri dé ògiri. Lẹ́yìn náà àwọn ìlà náà pàdé ara wọn, gbogbo ilẹ̀ sì di omi dúdú kan ṣoṣo, láìní àlàfo. Ohun tí mo fẹ́ yà lóṣù tó kọjá gan-an nìyẹn. Omi ló bá mi yà á. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ń fojú ka ìṣó. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìgbì bá kọjá lábẹ́ wa, ilé náà á mí, á sì dákẹ́. Màdáámù, Ọ̀gá, Kíún, wọ́n tò sórí pẹpẹ bí ìkòkò.

Aago méje kọjá díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó gba ibi tó gbà wá lọ, ó sì gbá ilẹ̀ mọ́ fún wa. Mo fi ọwọ́ tẹ pákó kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó mì.

Àǹtí Dèbórà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. "Kingsley, tú ọkọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. A ò lọ síbì kankan."

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Kẹsàn-án

Dírẹ́bà tó ń lọ sí ìlú yunifásítì máa ń kúrò ní aago méje àárọ̀. Tí fọ́ọ̀mù kò bá bá a lọ, ó ti bọ́. Mo dúró létí omi pẹ̀lú fọ́ọ̀mù náà nínú àpò ìwé. Mo ṣì ń bẹ̀rù. Ilẹ̀ ilé kan kò sọ èèyàn di ayàwòrán-ilé, mo mọ̀. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ògúnlànà wa ọkọ̀ dé, pẹ̀lú pákó àti òòlù. Apá Etikan ni wọ́n ń lọ, ìyá kan níbẹ̀ fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ ilé.

"Pẹ́ńsù dà?"

Mo kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún wọn. Wọ́n fi ọ̀kan há etí, ó bá irun funfun wọn mu. Wọn ò tu ọkọ̀ lọ.

"Pẹ́ńsù nìkan kò mọ ọ̀nà," ni wọ́n wí. "Wọlé, ọma mi, omi ń fà."

Mo wo ọ̀nà mọ́tò. Mo wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹsàn-án

Etikan. Àtẹ̀jíṣẹ́ Jọọlá wọlé sórí fóònù mi, ó kọ ọ́ pé: "Aago mẹ́rin ti lù, wọ́n ti ti fèrèsé, mi ò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ìtẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀?" Aago márùn-ún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ní aago mẹ́rin, mo wà lórí eékún nílé ìyá náà, Bàbá ti gbé òòlù sókè, pẹ́ńsù ti wà láàárín pákó kìíní àti èkejì.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dúró ná." Mo yíjú sí ìyá onílé. "Ìyá, àwọn wo ló máa gbé inú ẹ̀?"

"Èmi, àti àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì. Ìbejì ni wọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò."

Mo yọ pẹ́ńsù náà kúrò. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé ọ̀kan nínú wọn wá, kí n rí ìka rẹ̀.